Ìrántí WBCN, rédíò rọ́ọ̀kì ìlú Boston: ìbéèrè tí ẹ ń bi wá àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, ẹnu tó ń béèrè ló ń yàtọ̀. A kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣáájú, èyí tó ta kókó ló kẹ́yìn. Ẹ fo èyí tí ẹ bá ti mọ̀.

Rédíò wo tiẹ̀ ni WBCN?

Ilé-iṣẹ́ rédíò ìlú Boston ni, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lórí 104.1 FM. Ọdún 1958 ló bẹ̀rẹ̀. T. Mitchell Hastings ló ni ín, orin àwọn àgbà ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́, irú ti Mozart àti Beethoven, ló sì ń gbé sáfẹ́fẹ́. Owó ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1968, nǹkan yí padà. Ray Riepen, ọkùnrin tó ní gbọ̀ngàn orin Boston Tea Party, ti bá Hastings sọ ọ́ títí tó fi yọ̀ǹda òru fún un. Joe Rogers, tó ń pe ara rẹ̀ ní Mississippi Harold Wilson, ló jókòó sídìí gbohùngbohùn, orin ẹgbẹ́ Cream ló sì fi ṣílẹ̀kùn. Láàárín oṣù díẹ̀, rọ́ọ̀kì ti gba tọ̀sán-tòru. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2009, tí iléeṣẹ́ CBS tó ni ín nígbà náà mú un kúrò lórí 104.1.

Ṣé orúkọ náà ṣì wà níbì kan?

Lọ́dún 2009 kan náà ni CBS gbé lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn fún rédíò AM kan ní Charlotte, ní North Carolina. Kò bá ti Boston tan rárá. Bí ẹ bá ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ wá rí ohun tí wọ́n kọ WBCN sí lára, tí ọdún rẹ̀ sì kọjá 2009, ẹ kọ́kọ́ wo ìlú tó ti wá.

Kí ló dé tí àwọn ará Boston ò fi gbàgbé ẹ̀?

Ẹni tó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ló ń yan ohun tí yóò lù. Kò sí ọ̀gá tó ń kọ orúkọ orin fún un. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó lè ti orí blues bọ́ sórí orin ilẹ̀ Íńdíà, kó gba orí jáàsì kọjá, kó tó padà sórí rọ́ọ̀kì. Peter Wolf, tó wá di akọrin ẹgbẹ́ J. Geils Band, òru ni wọ́n fi í sí. Maxanne Sartori ń lu Aerosmith àti The Cars nígbà tí àwọn rédíò ńlá ò tíì gbọ́ orúkọ wọn. Charles Laquidara ló ni òwúrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ètò tó pè ní The Big Mattress, ó sì tún dá ẹ̀dá kan sílẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé, Duane Glasscock, tí ẹnu rẹ̀ ò ní ìjánu. Danny Schechter ló ń ka ìròyìn. "The News Dissector" ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, á to ohùn olóṣèlú mọ́ orin, á wá la ọ̀rọ̀ ogun Vietnam bí ẹni ń la ẹja. (Òun kan náà ló wá wà nídìí South Africa Now, ètò tẹlifíṣọ̀n tó ń tú àṣírí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ilẹ̀ South Africa síta ní ìparí àwọn ọdún 1980.)

Wọ́n tún ní Listener Line, tẹlifóònù tí ẹnikẹ́ni lè pè láti béèrè ohunkóhun: ta ló kọ orin tó kọjá yẹn, ibo ni mo lè sùn lálẹ́ òní, kí ni kí n ṣe fún ọ̀rẹ́ mi tó ti lo oògùn àlòjù. Àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló ń dá wọn lóhùn. Bill Lichtenstein, tó wá ṣe fíìmù nípa ilé-iṣẹ́ náà lẹ́yìn náà, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tẹlifóònù yẹn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ìfẹ́ náà ṣe jinlẹ̀ tó, ẹ wo oṣù Kejì ọdún 1979. Iléeṣẹ́ Hemisphere Broadcasting ra rédíò náà, ó sì lé òṣìṣẹ́ 19 dànù lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù yanṣẹ́ lódì. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lórí afẹ́fẹ́ ń gbé páálí kiri ní títì, àwọn tó ń polówó ọjà yọ ìpolówó wọn kúrò, olùgbọ́ gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, olówó gbà. Àwọn tí wọ́n lé padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣé rédíò náà ò ní àpamọ́ tirẹ̀ ni?

Ẹ má fọkàn sí i. Kò sófin tó ní kí ilé-iṣẹ́ rédíò kó ohùn tó ti gbé sáfẹ́fẹ́ pa mọ́. Téèpù wọ́n, àyè ò sí. Bí ètò bá ti tán, wọn a gba òmíràn lé e lórí. WBCN tún kó láti ilé kan sí òmíràn: ó ti wà ní Newbury Street, ó ti wà lókè téńté Prudential Tower, ó tún lọ sí Boylston Street nítòsí pápá Fenway. Olówó rẹ̀ náà ń yí padà. Ẹni tó bá ti kó ilé rí mọ ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ jù nù.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù tí mo dárúkọ lókè yẹn, àwọn ará ìlú ni wọ́n ké sí pé kí wọ́n tú àjà àti abẹ́ ilé wọn wò. Ọwọ́ olùgbọ́ àti òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti jáde.

Ṣebí orin tí wọ́n ń lù ṣì wà lọ́jà? Kí la tún fẹ́ pa mọ́?

Lójú tèmi, orin ló kéré jù níbẹ̀. Àwo tí WBCN lù ní 1970, ẹ lè gbọ́ ọ lórí fóònù yín lónìí, yóò sì mọ́ ju ti orí kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ohun tí kò sí níbòmíràn ni ohun tó wà láàárín orin kan sí ìkejì: ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ìpolówó ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá wọlé, ìròyìn, ojú ọjọ́, ìkéde pé ẹnì kan ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé òun dé New York, ikọ́, àṣìsọ, àti ìgbà tí abẹ́rẹ́ fò lórí àwo tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sì bú sẹ́rìn-ín. Bí orin ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn náà, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Kò sí àwo kankan tó gbé ìyẹn.

Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbà á sílẹ̀ nígbà náà, orin ni wọ́n ń lé. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ti lanu, wọn a dá ẹ̀rọ dúró, ó di ìgbà tí orin mìíràn bá wọlé. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì tó wù wá jù ni èyí tí oorun gbé ẹni tó ń gbà á lọ, tí ẹ̀rọ ń dá ṣiṣẹ́ títí téèpù fi tán. Àwọn tó ni irú rẹ̀ sábà máa ń fẹ́ dà á nù, wọn á ní "ọ̀rọ̀ ló kún inú ẹ̀."

Yàtọ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì, kí ló tún wúlò?

Sítíkà ẹ̀yìn mọ́tò, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ rédíò sí, tíkẹ́ẹ̀tì, fọ́tò, lẹ́tà tí rédíò fi dá yín lóhùn, bébà tí ẹ kọ orúkọ orin sí. Rock & Roll Rumble, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ olórin Boston tí WBCN dá sílẹ̀ ní 1979, bí páálí ìkéde rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe ká a. The Neighborhoods ló gba ife àkọ́kọ́. 'Til Tuesday gba ti 1983. Páálí tó dárúkọ àwọn tí kò gba nǹkan kan níye lórí jù, torí pé ẹlòmíràn nínú wọn, ibẹ̀ nìkan ni orúkọ rẹ̀ kù sí.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò pẹ̀lú pẹ́ńsù: ta ni, níbo, ọdún wo. Ẹ má fi báírò kọ ọ́.

Mo ti rí kásẹ́ẹ̀tì. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ má tíì gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ àti lára páálí rẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwá lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ eyín kékeré méjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó: bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lórí fọ́nrán, èbu ni, ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá mọ́, ẹ yí i síwájú dé òpin, kí ẹ yí i padà, kó lè tú lára rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti C120, kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí méjì: fọ́nrán rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì tètè ń lọ́. Ẹ̀rọ tó dára nìkan ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí kọ̀ǹpútà sì ti máa gbà á bọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà?

Ẹ gba ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ ìgbóhùnjáde nílé. Àwọn kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbọ̀n, ohùn á máa yí. Ẹ fi òwú àti ọtí ìfọgbẹ́ nu orí ẹ̀rọ náà. Okùn yóò ti ibi tí ohùn ti ń jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ lọ sínú àpótí kékeré tó ń sọ ohùn di ti kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni yóò gbà wọ inú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, tí kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù síwájú ẹ̀rọ ìgbóhùnjáde kí ẹ ní ẹ ti gbà á sílẹ̀.

Fáìlì WAV ni kí ẹ fi pa á mọ́, 24-bit, 48 kHz. FM fúnra rẹ̀ kì í gbé ohùn tó ga ju 15 kHz lọ, nítorí náà 48 kHz kọjá ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Ilé àkójọ ńlá lè ní 96 kHz ni àwọn fẹ́. Bí àyè bá wà, ẹ fún wọn. Wákàtí kan ní 48 kHz tó gígábáìtì kan; ní 96 kHz, ó tó méjì. MP3 dára fún ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín lórí WhatsApp. Kò dára fún ẹ̀dà ìpamọ́.

Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Ẹ má sì ju kásẹ́ẹ̀tì nù nítorí pé ó ti wọ kọ̀ǹpútà.

Tèmi kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Téèpù ńlá tó ń yí lórí rílì ni, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ dá a dúró kíákíá. Àwọn téèpù kan láti àárín àwọn ọdún 1970 sókè, pàápàá Ampex 406 àti 456, gọ́ọ̀mù tó so àwọ̀ ara wọn mọ́ fọ́nrán ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó ti di àlẹ̀mọ́. Bí ẹ bá ń fagídí gbọ́ ọ, ohùn náà ló ń ṣí kúrò lára rẹ̀ yẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi ooru tó tó 54°C yan án fún wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ kì í lọ sókè-sódò. Lẹ́yìn náà, ó máa ń ṣeé gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, a ó sì tètè gbà á sílẹ̀. Ẹ má fi sínú ààrò tí ẹ fi ń dáná.

Kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni yan téèpù yín, ẹ gbé rílì náà síwájú ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, acetate ni, irú ti àtijọ́. Bí ó bá ti ń bàjẹ́, á máa rùn bíi fínígà. Acetate kò gbọdọ̀ rí ooru. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá gba inú rẹ̀ kọjá, polyester ni, ìyẹn sì ṣeé yan bí ó bá ń lẹ̀.

Kò sí ọjọ́ tàbí ọdún kankan lára kásẹ́ẹ̀tì mi. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sọ fún yín. Orin ò lè sọ púpọ̀ ju pé "kò ṣáájú ọdún báyìí," ìyẹn pàápàá lè tanni jẹ. The Cars jẹ́ àpẹẹrẹ: téèpù wọn ti ń dún lórí WBCN ní 1977, àwo wọn ò sì jáde títí di 1978. Ẹni tó bá fi ọdún tí àwo jáde ka ọjọ́ yóò ṣì í.

Ìpolówó ló ń sọ òótọ́. Boston Tea Party wà ní Berkeley Street títí di àárín 1969, kó tó kó lọ sí Lansdowne Street. Ó sì kógbá wọlé ní ìparí 1970. Bí ẹ bá gbọ́ Berkeley Street nínú ìpolówó rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé láàárín 1968 sí 1969 lẹ wà. Paul's Mall àti Jazz Workshop, ilé orin méjì tó wà pa pọ̀ ní Boylston Street tí WBCN máa ń gbé ètò láti ibẹ̀, ti tì pa ní 1978. Bí wọ́n bá ń kéde ìpele Rumble, 1979 ti dé.

Ìròyìn àti ojú ọjọ́ tún ń sún yín mọ́ ọjọ́ náà sí i. Ìbọn tí wọ́n yìn pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kent State, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1970 ni. Nixon, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kéde pé òun ń fi ipò sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1974. Ìjì yìnyín ńlá tó ti Boston pa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 1978. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá kàn dárúkọ èsì eré Red Sox, ẹgbẹ́ baseball ìlú Boston, ẹ lè dé orí ọjọ́ gan-an, torí pé èsì eré bọ́ọ̀lù wọn wà ní àkọsílẹ̀ pátápátá.

Kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ náà ní ọjọ́ orí. TDK SA, bí àpẹẹrẹ, ò sí kí 1975 tó dé. Bí ohun tó wà lórí rẹ̀ bá jẹ́ ti 1971, ẹ̀dà tí wọ́n dà kọ ni, ó sì ṣeé ṣe kí ojúlówó rẹ̀ wà nínú àpótí ẹnì kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fún yín.

Ohùn ń yára jù tàbí ó ń falẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè dá a padà sí ipò rẹ̀?

Ẹ wá ìró iná mànàmáná. Ní Amẹ́ríkà, 60 Hz ni iná ilé, ìró rẹ̀ sì sábà máa ń wọ inú téèpù láìṣe pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ mú ibi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí Audacity fi ìró tó wà níbẹ̀ hàn yín. Bí ó bá wà ní 63 dípò 60, téèpù ń sáré jù ní ìwọ̀n márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ fà á sẹ́yìn lórí ẹ̀dà títí ìró náà yóò fi padà sí 60. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá téèpù dúró kí ẹ gbọ́: bí ìró náà bá ṣì ń dún, ti ilé yín lónìí nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo ọgbọ́n yìí fún kásẹ́ẹ̀tì rédíò tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, 50 Hz ni kó wá, kì í ṣe 60. Bí jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, kó gbàgbé ẹ̀.

Ṣé kí n fọ ariwo kúrò nínú rẹ̀?

Lórí ẹ̀dà, bí ó bá wù yín. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Mi ò ní nǹkan kan, ìrántí nìkan ni mo ní. Ṣé ó wúlò?

Ó wúlò, ó sì ń jó rẹ̀yìn kíákíá ju téèpù lọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ti kúrò ní ọmọ ọdún 75. Ẹ jókòó ti ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá yẹn, ẹ tan fóònù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó dárúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má bi í pé "ṣé ẹ fẹ́ràn WBCN?" Bẹ́ẹ̀ ni ni yóò sọ, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ẹ bi í ní ibi tí rédíò wà nínú ilé, ta ló ń yí i kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ wo ló ń ṣe nígbà tó ń gbọ́ ọ, kí ni ìyá rẹ̀ sọ sí i, ṣé ó pe Listener Line rí, kí ló béèrè. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ náà, ẹ bi í ní bí yàrá ṣe rí: ibo ni àwo wà, ta ló ń gbálẹ̀, ta ló ń san owó, ìgbà wo ni owó kò dé. Àwọn gbajúmọ̀ ti sọ tiwọn lórí tẹlifíṣọ̀n àti nínú ìwé. Ẹni tó ń tà ìpolówó, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé tẹlifóònù lóru, àwọn la kọ́kọ́ ń fẹ́.

Ẹni méjì sọ ìtàn kan náà, wọn ò bára mu. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ kọ ti àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i. Ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀.

Ìtàn àwọn ọmọ adìyẹ jẹ́ irú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìkéde kan jáde lórí WBCN tó pe àwọn ọmọbìnrin ní "chicks", ìyẹn ọmọ adìyẹ. Inú bí àwọn obìnrin Bread and Roses, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Wọ́n kó ọmọ adìyẹ ààyè lọ sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ fún ọ̀gá. Lára ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ètò Ọjọ́ Àwọn Obìnrin lórí rédíò náà. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà lè sọ ọ́ bí àwàdà. Obìnrin tó gbé adìyẹ dání kò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iye adìyẹ náà lè yí padà láti ẹnu kan sí ìkejì. Ibi tí wọ́n ti ń yàtọ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọdún náà yóò kọ́kọ́ wò.

Níbo ni kí n kó àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ?

Yunifásítì Massachusetts ní Amherst ló gba àwọn ohun tí wọ́n kó jọ fún fíìmù WBCN yẹn. Ilé ìkàwé tó ń jẹ́ orúkọ W.E.B. Du Bois ló wà níbẹ̀, ibi kan náà tí ìwé Du Bois fúnra rẹ̀ wà. Yunifásítì Northeastern ní Boston ló ni àpamọ́ Boston Phoenix, ìwé ìròyìn tó máa ń kọ nípa rédíò náà lemọ́lemọ́. Bí ẹ bá ń wá ọjọ́ agbo orin kan, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. David Bieber, tó ti ṣiṣẹ́ ìkéde fún WBCN rí, ní àkójọ ńlá tirẹ̀ tó kún fún páálí ìkéde àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ tó gbé àpótí lọ. Ẹ kọ iye téèpù, irú rẹ̀, ọdún tí ẹ rò pé ó jẹ́, ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ilé àkójọ kì í gba àpótí tí kò ní orúkọ. Kí ẹ sì béèrè bóyá àwọn aráàlú yóò lè gbọ́ ọ, àbí inú yàrá ni yóò wà.

Ṣé òfin gbà kí n gbé kásẹ́ẹ̀tì mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Níní kásẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí níní ohun tó wà lórí rẹ̀. Orin ní oní-ńkan, ìpolówó ní oní-ńkan, ètò náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ra ilé-iṣẹ́ tó ra rédíò. Òfin Music Modernization Act tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2018 tún fẹ̀ ẹ́ lójú: ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1972, tí ó jáde láti 1957 síwájú tàbí tí kò jáde rárá, wà lábẹ́ ààbò títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2067. Gbogbo ọdún ìbẹ̀rẹ̀ WBCN ti wọ ibẹ̀.

Òfin fún ilé ìkàwé àti ilé àkójọ ní àyè tí kò fún ẹni lásán, pàápàá láti da ẹ̀dà kọ nítorí ìpamọ́. Ìdí mìíràn nìyẹn tó fi sàn kí ẹ fún wọn ní ẹ̀dà kan. Fún tiyín, ohun tí àwọn akójọ máa ń ṣe ni pé wọ́n ń gé orin kúrò, wọ́n ń fi ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè dún. Kò sọ ọ́ di ohun tí òfin fọwọ́ sí pátápátá, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kéré. Ẹ̀dà tí orin wà nínú rẹ̀ lódindi ni kí ẹ tọ́jú sílé. Títà ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Bí nǹkan ńlá bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ bi agbẹjọ́rò.

Ẹnì kan pe rédíò nínú téèpù mi, ó sọ àṣírí ara rẹ̀. Ṣé kí n gé e?

Ẹ má gé e lórí ojúlówó. Ẹ má sì gbé e síta. Ẹni tó pè ní 1971 nítorí oyún, tàbí nítorí pé ó ń sá fún iṣẹ́ ológun, lè ṣì wà láàyè, ó sì lè ní ọmọ-ọmọ. Bí ẹ bá ń fún ilé àkójọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kí wọ́n ti apá yẹn pa fún iye ọdún kan. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ èébú tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ sọ yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbé e sí, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ kọ ìkìlọ̀ síwájú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ní WBCN ti kú tipẹ́ kí 2009 tó dé. Ọdún wo ni kí àkójọ wa parí sí?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àwọn kan ní ọjọ́ tí olówó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ní ìwé orin ló kú. Àwọn mìíràn ní 1996, nígbà tí Howard Stern, tó ń ti New York sọ̀rọ̀, gba òwúrọ̀ lọ́wọ́ Laquidara. Ẹlòmíràn ní ìgbà tí eré bọ́ọ̀lù Patriots bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọjọ́ Sunday. Àwọn tó sì jẹ́ ọ̀dọ́ ní àwọn ọdún 1980, tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ U2 níbẹ̀ lábẹ́ Oedipus tó ń darí ètò, á ní àwọn tó ń sunkún 1968 ló ń dá gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ara wọn.

Èmi ò ní parí àkójọ sí ọdún kankan ṣáájú ọjọ́ tí 104.1 yí padà. Ọdún tí inú olùgbọ́ ò dùn sí ni wọn kì í gbà sílẹ̀, nítorí náà ohùn ọdún 2003 lè ṣòro rí ju ti 1973 lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ mọ bí rédíò kan ṣe ń di ti oníṣòwò, àwọn téèpù tí kò wu ẹnikẹ́ni yẹn ló nílò: wákàtí mẹ́ta ṣáájú eré Patriots, ìpolówó bíà lẹ́yìn ìpolówó mọ́tò, orin mẹ́wàá kan náà tó ń yí po. Bí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọdún sí i lára, ẹ fi í sínú àpótí kan náà pẹ̀lú ti Mississippi Harold Wilson.